Ọ̀wọ̀ Tó Tú Olè Sílẹ̀

Ohun tó bá dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi gbóná láwọn ibì kan, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Inú ló ń bí mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti ń bí mi, kò sì tíì tán. Àwọn ọmọ tó ń kàwé òfin máa ń wá kí mi nílé mi ní D-Line. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu tíì mi, wọ́n á wá bi mí pé, "Mummy, ṣé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba dáa?" Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn gùn ju tíì lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe: mo ń dìde níwájú adájọ́, mo ń fi hàn pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú àpótí olùjẹ́jọ́ gba rìbá.

Ẹ ó rí i pé mo ń pe àwọn kan ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ mi, mo sì ń pe ẹlòmíràn ní "ó". Ẹ má rò pé mo gbàgbé ara mi. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni.

Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Kalabari ni ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi dé ibí. Níta, Pidgin là ń sọ. Nínú ilé, Yorùbá ni bàbá mi fẹ́ gbọ́, Yorùbá náà sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ̀ nínú. Lọ́jọ́ kan mo ti iléèwé dé, mo ní, "Tíṣà wa, ó ní kí n wá mú owó bébà." Àbàrá ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. "Ó kẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni tíṣà?" Láti ọjọ́ náà ni ahọ́n mi ti mọ̀ pé ẹni tó bá juni lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, "wọ́n" là ń pè é. Mo tún kọ́ ọ pé a kì í na ìka sí ojú àgbà. Ẹ fi méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí àwọn náà ló gbé mi ṣubú.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni, wọ́n ń wá agbẹjọ́rò, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbójú fo ìyẹn. Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ló tó sọ.

Ọ̀gá Tonye ni orúkọ wọn. Obìnrin Kalabari ni wọ́n, wọ́n gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń ṣọ́ ẹ̀rín jẹ bí ẹni pé wọ́n ń rà á ni. Odidi ọdún kan ni mo fi gbé páálí ẹ̀rí tẹ̀ lé wọn lọ sí kóòtù láì lanu. Bí mo bá gbé fáìlì dé iwájú wọn, wọn kì í ṣí i. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mọ́ tábìlì, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á ní, "Who ask? Who collect? For wetin?" Ta ló bèèrè? Ta ló gbà á? Nítorí kí ni? Bí ẹyọ kan bá mẹ́hẹ nínú ìdáhùn mi, fáìlì á gba ojú fèrèsé jáde. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sáré lọ ṣa ìwé nínú àgbàrá, tí àwọn awakọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń bá mi ṣa á, tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé wọ́n kórìíra mi ni. Nígbà tó yá ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú ìlú tiwa yìí, gbogbo èèyàn ló ń fún gbogbo èèyàn ní nǹkan. Obì àlejò wà, ọdún Kérésì wà, "find something for the boys" wà. Ẹni tó gba rìbá kò ní pè é ní rìbá láéláé. Á ní wọ́n fi kí òun ni. Nítorí náà, "ta ló bèèrè" ni òpó tó gbé ilé dúró. Bó o bá rí owó lọ́wọ́ ọkùnrin kan, tí o kò lè fi hàn pé ẹnu rẹ̀ ló fi bèèrè, kí o máa lọ sílé.

Òfin kejì tí Ọ̀gá Tonye ní ni ti ìka. Ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú àpótí láì na ìka sí ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn. Wọ́n ní, "Judge no sabi who you dey talk. Na finger sabi." Ọjọ́ kan wà tí mo jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kan sọ̀ kalẹ̀ láì nàka, torí pé gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó ń sọ. Nígbà tí kóòtù tú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n lọ dúró sínú àpótí ẹlẹ́rìí, kí n máa na ìka sí àpótí olùjẹ́jọ́ tó ṣófo, kí n máa wí pé, "Na him." Mo nà án títí obìnrin tó ń gbálẹ̀ fi wá béèrè bóyá ara mi yá. Ọ̀gá Tonye ní kó máa gbálẹ̀ tirẹ̀ lọ. Apá mi ro mí di ọjọ́ kejì.

Nígbà yẹn, ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ẹ̀rí sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí á sọ gbólóhùn kan, gbogbo wa á dákẹ́, à á máa gbọ́ ìró bírò lórí bébà. Adájọ́ á gbójú sókè, ẹlẹ́rìí á tún sọ òmíràn. Ohun tí bírò bá kọ ni ẹ̀rí. Ohun tí ẹnu sọ tí bírò kò kọ, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Òyìnbó ni bírò náà sì ń sọ, kò gbọ́ èdè mìíràn.

Ọdún kan lẹ́yìn tí Ọ̀gá Tonye fẹ̀yìn tì ni ẹjọ́ Bàbá Rájí dé ọwọ́ mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Bàbá Rájí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Alakahia, ní ẹ̀bá yunifásítì Port Harcourt níbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì di ìwé àṣekágbá wọn. Gọ́ọ̀mù kì í tán ní èékánná wọn. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ń sùn, nítorí náà iṣẹ́ wọn àti ilé wọn, abẹ́ páànù kan náà ni. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn máa ń rẹni lẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tó ọmọ-ọmọ wọn, "ẹ" ni wọ́n ń lò fún un.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní àdúgbò náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá Ọ̀dà ni wọ́n ń pè é ní Alakahia, nítorí ọ̀dà pupa ló máa ń gbé kiri. Bó bá fi fa àmì sára ògiri rẹ, ìjọba máa wó o nìyẹn. Bó o bá lọ fi owó rí i, wọ́n á fi kẹrosíìnì nu àmì náà nù. Ọ̀pọ̀ ti lọ rí i. Ìgbà tó kan Bàbá Rájí, ó fa àmì sára ṣọ́ọ̀bù wọn, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó tún gbé ìwé wá pé kí wọ́n bá òun dì. Ó ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì náà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìwé àṣekágbá rẹ̀ dá lé: ìwà òtítọ́ nínú iṣẹ́ ìjọba. Mo kà á tán látòkèdélẹ̀ nígbà tí ó di ẹ̀rí, inú sì ń bí mi lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí bàbá kò bá fẹ́ kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kó owó sáàárín ìwé náà, kí wọ́n wé e dáadáa, òun á wá gbà á.

Bàbá Rájí kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá fẹjọ́ sùn. Àwọn aṣèwádìí wa fi àtíkè kan ra owó náà lára, irú èyí tí ojú kì í rí, àmọ́ bí omi bá kan ọwọ́ tó bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ náà á yí àwọ̀. Ọ̀gá Ọ̀dà dé, ó gba ìwé, ó tú u wò, wọ́n mú un. Wọ́n da omi sí i lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí ọ̀dà rẹ̀. Ó ní ìwé òun lòun wá gbà, òun ṣí i kí òun lè wò ó bóyá ewé rẹ̀ pé ni, òun ò mọ ohun tí bàbá arúgbó kan kó sí i.

Ẹ ti rí ibi tó kù sí. Ta ló bèèrè? Bàbá Rájí nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó bèèrè. Àwọn aládùúgbò wọn tó ti san owó tiwọn kọ̀ láti jẹ́rìí. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní nǹkan mìíràn tó dì í mú ju ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà kan lọ.

Bàbá Rájí ní Kùránì ni àwọn fi búra, Yorùbá tí àwọn fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni àwọn á fi jẹ́rìí. Ni kóòtù bá fún wa ní ògbufọ̀. Káyọ̀dé ni, akọ̀wé kóòtù kan tó ti lé ní ogójì ọdún. Ní Port Harcourt níbí ni wọ́n bí òun náà sí, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ Pidgin ló fi ń lálàá. Mo bi Bàbá Rájí ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ sọ ọ́, ohùn wọn kò gbọ̀n rárá:

"Wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní bí mi ò bá fẹ́ kí wọ́n wó o, kí n kó owó sáàárín ìwé àwọn. Mo kó o síbẹ̀. Wọ́n sì wá gbà á."

Káyọ̀dé ń túmọ̀, bírò adájọ́ ń dún. Inú mi ń dùn. Mo gbọ́ ẹ̀rí tó mọ́ bí omi òjò. Mo bèèrè bóyá ẹni náà wà nínú kóòtù. Wọ́n ní, "Wọ́n wà níbí." Mo ní kí wọ́n na ìka sí i. Bàbá Rájí wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n bọ́ṣọ. Wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n."

Ojú tì mí. Àbàrá bàbá mi tún dún létí mi. Mo ní ó ti tó. Agbẹjọ́rò Ọ̀gá Ọ̀dà dìde, ó ní òun kò ní ìbéèrè kankan fún bàbá, ó sì jókòó. Mo rò pé ẹ̀rù ẹ̀rí mi ló bà á. Mo kúrò ní kóòtù, mo tẹ Ọ̀gá Tonye láago kí n lè fọ́nnu díẹ̀. Wọ́n gbọ́ tèmi tán, wọ́n bi mí ní gbólóhùn kan péré: "Im point?" Ṣé ó nàka? Mo ní kò pọn dandan. Wọ́n pa fóònù.

Ọjọ́ tí agbẹjọ́rò méjèèjì máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Agbẹjọ́rò Ọ̀gá Ọ̀dà ka ohun tí adájọ́ kọ sílẹ̀ sókè: They came. They said. They collected. Ó gbé ìwé sílẹ̀, ó yíjú wo àpótí olùjẹ́jọ́. Ó ní ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni òun rí níbẹ̀. Ó ní kí ìjọba lọ wá àwọn "they" náà rí, kí wọ́n fi oníbàárà òun sílẹ̀. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo fò dìde, mo ń ṣàlàyé pé ẹyọ kan ni "wọ́n" yẹn, pé ọ̀wọ̀ ni, pé bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Adájọ́ ní ohun tó wà nínú ìwé òun ni òun mọ̀, èmi agbẹjọ́rò kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá Bàbá Rájí padà sínú àpótí. Adájọ́ ní òun kò ní jẹ́ kí n máa dí ihò lẹ́yìn tí eku ti jáde. Bí mo bá ti ní kí wọ́n na ìka ni, ìka yẹn nìkan ì bá ti sọ gbogbo "they" inú ìwé náà di ẹnì kan.

Mo ká Káyọ̀dé mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ẹ dárí jì mí, mo dì í mú. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Auntie, no be 'they' be 'wọ́n'?" Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀: kò parọ́, kò sì gba kọ́bọ̀. Èmi tí mo gbọ́ èdè méjèèjì ni mo jókòó ti í tí mi ò gbọ́ ọ.

Wọ́n dá Ọ̀gá Ọ̀dà sílẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ní, "Madam, well done." Kí oṣù tó parí, katapílà dé Alakahia. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́jọ tí wọ́n ti fi kẹrosíìnì nù, ó yà sí ti Bàbá Rájí nìkan. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣa ìwé wọn nínú ẹrẹ̀. Bàbá Rájí jókòó lórí páálí bébà tí wọn kò tíì tú, abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni ǹ bá ti pè wọ́n?"

Ṣé kí n ní ẹ̀kọ́ ilé wọn ló ṣe wọ́n ni? Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ọ̀yọ́.

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Inú bí mi sí àwọn aládùúgbò tó sanwó tí wọ́n pa ẹnu mọ́. Inú bí mi sí adájọ́ tó sọ pé ìwé òun nìkan ni òun mọ̀. Inú bí mi sí ara mi ju gbogbo wọn lọ. Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Tonye gbọ́, wọ́n wá bá mi nílé, wọn kò jókòó. Wọ́n ní bí mo bá kúrò, ọkùnrin yẹn ti wó ilé méjì nìyẹn. Mo padà lọ lọ́jọ́ Ajé.

Láti ìgbà náà, kí ẹlẹ́rìí Yorùbá kankan tó wọ kóòtù pẹ̀lú mi, èmi àti rẹ̀ á kọ́kọ́ jókòó. Mo máa ń sọ fún un pé ọ̀wọ̀ kò wọ inú ilé yìí, ẹnu ọ̀nà ni kó fi í sí, kó gbé e bó bá ń jáde. Àwọn ìyá kan á máa sunkún kí wọ́n tó lè pe ọ̀gá iléeṣẹ́ ní "ó". Mo máa ń mú wọn sọ ọ́ bí mo ṣe na ìka sí àpótí òfìfo lọ́jọ́sí. Ìka tó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú.

Iṣẹ́ náà ń yí padà. Adájọ́ fi bírò sílẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wọ kóòtù. Àtíkè wa di ohun àtijọ́, nítorí olè kò fọwọ́ kan owó mọ́, ó ń gbà á nípasẹ̀ àwọn oní-POS tí kò mọ nǹkan kan. Àwa náà ń lépa wọn nínú fóònù. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi mọ fóònù ju bí mo ṣe mọ inú àpò mi lọ, mo sì máa ń fi ìbéèrè mẹ́ta Ọ̀gá Tonye dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ju fáìlì síta rí o. Ó kù díẹ̀ ni.

Fóònù náà ló gbé e padà wá fún mi. Ọ̀gá Ọ̀dà ti gba ìgbéga lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà. Obìnrin kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní D-Line wá bá wa pé ó fa àmì sára ògiri òun. Nígbà tí Ọ̀gá Ọ̀dà wá bá a sọ̀rọ̀, obìnrin náà ti tan fóònù rẹ̀ nínú báàgì kó máa gba ohùn sílẹ̀. A gbé ohùn náà sáfẹ́fẹ́ ní kóòtù, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Ohùn Ọ̀gá Ọ̀dà ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi obìnrin náà lọ́kàn balẹ̀ pé kó má bẹ̀rù: "Put am inside book, wrap am well. Na so one Yoruba papa for Alakahia take do am that year. Wetin happen? Nothing happen."

Mo di tábìlì mú. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́rìí fún Bàbá Rájí. Òfin sì ní ẹni tí a bá ti dá sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn kan, a kò lè tún pè é lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ti wó, kò sí ẹni tó máa jẹ́jọ́ rẹ̀.

Wọ́n dá a lẹ́bi lórí ti hòtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin yẹn na ìka sí i, ó nà án gbọọrọ. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ olóhun dé lóòótọ́: adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó san owó ìtanràn. Ó san án kí n tó palẹ̀ ìwé mi mọ́ tán. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dáa, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Bó bá jẹ́ ìdùnnú lẹ ń wá, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Bí inú bá ń bí yín, tí ẹ sì lè fi ìbínú náà jókòó ka ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ máa bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Bàbá Rájí ti darúgbó gan-an, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rán ìwé tó bá ya fún àwọn ará àdúgbò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo sọ pé wọ́n ti dá Ọ̀gá Ọ̀dà lẹ́bi, mo sọ ti owó ìtanràn náà, mi ò fi pamọ́. Mo wá sọ ohun tí fóònù gbà sílẹ̀ fún wọn, bó ṣe rẹ́rìn-ín, bó ṣe dárúkọ Alakahia. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Àga òfìfo kan wà níwájú wọn. Wọ́n na ìka sí i, wọn kò sì ká a padà.

"Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n kó owó sáàárín ìwé òun."

Kò sí adájọ́ nínú yàrá náà. Mo wá bírò nínú báàgì mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.